Ẹgbẹ́ Olówó Àgbáyé

Àgádágodo ò já, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ò ya, ṣùgbọ́n áábọ́ọ̀mù owó ilẹ̀ òkèèrè ti pòórá. Owó Brásíìlì, ti Íńdíà, ti Jápáànù, gbogbo èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé kan n'Ísọlọ̀ tọrọ lọ́wọ́ atukọ̀ ojú omi àti àwọn tó ti Mẹ́kà dé. Ẹgbẹ́ Olówó Àgbáyé ni wọ́n ń pe ara wọn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn wá láti Òṣòdì.

Ọwọ́ Sàfúrátù, ọmọ ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú áábọ́ọ̀mù, ni kọ́kọ́rọ́ wà. Níwájú gbogbo ilé ìwé, ní asẹ́ḿbílì, ni ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ, ti pè é lólè.

"Níbo lo tà á sí?"

"Mi ò tà á, sà."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀bẹ̀."

"Mo lè kúnlẹ̀ kí yín, sà. Mi ò ní kúnlẹ̀ torí ohun tí mi ò jí."

Ọ̀gá ní tí áábọ́ọ̀mù ò bá dé títí ọjọ́ Ẹtì, kó máa lọ sílé, kó gbàgbé ìdánwò wáẹ̀ẹ̀kì. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ, tí ariwo ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di í létí tán, kí ọmọ lè kàwé. Sàfúrátù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò lọ ibì kankan.

Ó ronú kan Olúyínká. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin náà wọ kóòtù nínú oòrùn wá kí ẹgbẹ́ wọn, ó lóun náà ń kó owó jọ, pé òun máa ń wọkọ̀ òfuurufú bí ẹni wọ bọ́ọ̀sì. Bó ṣe wo áábọ́ọ̀mù tán ló ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Wọ́n ti kọ́ Sàfúrátù nílé pé àlejò kì í tọrọ omi lẹ́ẹ̀mejì, ló bá sáré lọ bù ú, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára àgádágodo. Nígbà tó sọ ọ́ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní kó fi èèyàn ńlá sílẹ̀.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó gba Apakun lọ, lẹ́bàá ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, torí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tí ọkùnrin náà fi ń yangàn. Ọdún tí owó Ùdójì jáde ni, tí ìjọba fi kún owó oṣù. Ẹni tó ti ra tẹlifíṣọ̀n ń wá ohun tí aládùúgbò ò ní. Olúyínká dúró ti mọ́tò Píjò kan, ó ń tan irú wọn pé owó ilẹ̀ òkèèrè yìí yóò di ilé lọ́la. Bó ṣe rí yúnífọ́ọ̀mù Sàfúrátù báyìí, ó wọ mọ́tò, ó sá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́sàn kan ló wá jókòó síbẹ̀. Ó ró aṣọ, ó wé gèlè bo iwájú orí. Sàfúrátù ni.

Olúyínká tún padà dé síbẹ̀, ó ki àtàǹpàkò bọ ẹnu, ó fi ṣí owó fún oníbàárà. Ó tún ki í bọnu. Ojú ẹ̀ rún, ó tutọ́ sílẹ̀.

"Ọlọ́sàn, bó kan fún mi. Ẹnu mi ń korò látàárọ̀."

Sàfúrátù mọ ohun tó ń korò. Ẹ̀kọ ni ẹgbẹ́ wọn fi ń lẹ owó mọ́ áábọ́ọ̀mù, aáyán sì fẹ́ràn ẹ̀kọ ju bí wọ́n ti fẹ́ràn ìwé lọ. Ẹgbẹ́ wá ń fún omi ewúro tó ki dáadáa mọ́ ọn, kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹni tó bá fi itọ́ ṣí owó ti gba ẹ̀bùn ẹ̀.

Ó bó ọsàn náà, ó gbé e fún un, ó sì rọra lọ pe ọlọ́pàá Ọládòṣù tó ń darí ọkọ̀ ní oríta.

"Níbo lo ti rí owó yìí?" Ọládòṣù bi Olúyínká.

"Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti rà á. Kí ni ọlọ́sàn mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Ẹ fi igun ẹ̀yìn ẹ̀ kan ahọ́n, sà," Sàfúrátù wí.

Ọlọ́pàá fi owó náà kan ahọ́n. Ojú ẹ̀ náà rún. "Ewúro nìyí o. Ṣé wọ́n ń jẹ ewúro ní Lọ́ńdọ̀nù?"

Ni Olúyínká bá ki eré mọ́lẹ̀. Sàfúrátù da gbogbo ọsàn sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan, ó ṣubú yakata, Ọládòṣù sì bò ó mọ́lẹ̀. Inú búùtù Píjò ni áábọ́ọ̀mù wà.

"Báwo lo ṣe ṣí kọ́bọ́ọ̀dù?" wọ́n bi í ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ọṣẹ ni mo fi tẹ àwòrán kọ́kọ́rọ́, nígbà tí ọmọ náà lọ bu omi, mo sì fi rọ irú ẹ̀. Ẹ ṣàánú mi."

Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ ránṣẹ́ pe Sàfúrátù sí ọ́fíìsì. "Má bínú, ọmọ mi. Ó ti tán."

Sàfúrátù kúnlẹ̀ kí i, ó dìde. "Ẹ ṣé, sà. Asẹ́ḿbílì lẹ ti pè mí lólè. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti sọ ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbá áábọ́ọ̀mù wọn mọ́ra níwájú. Bàbá Sàfúrátù dúró lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Ọ̀gá wúkọ́, ó ní Sàfúrátù ò jalè, òun ló ṣàṣìṣe.

Bàbá gbé ọwọ́ sétí. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, etí mi ò gbọ́ra. Ẹ tún un sọ."

Ọ̀gá tún un sọ, ó pariwo rẹ̀. Etí bàbá ò sì di tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.