Mọ́tò Àwọn Aládùúgbò

Ẹsẹ̀ méjì ni Tíṣà kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ náà yọ jáde lábẹ́ mọ́tò ògbólógbòó kan, nínú bàtà tí ọ́ìlì ti rin gbingbin, wọ́n sì ń mì tẹ̀lé orin kan tí ẹni tó wà lábẹ́ mọ́tò ń kùn fúnra rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá," ni Tíṣà wí.

Orin dáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ fà síwájú, ìbàdí tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni orí kan yọ, aṣọ pélébé kan ló fi dì í. Ọ́ìlì wà nímú rẹ̀, eyín rẹ̀ sì funfun báláú.

"Bọ̀ọ̀dá wo nìyẹn?" ni ọmọbìnrin náà bi í.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Tíṣà nígbà yẹn, ẹ ó rántí pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì lè bá ògiri jiyàn kí ògiri gbà fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ohun tó rí sọ ni, "Ẹ má bínú, àǹtí."

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Kí ló ṣe mọ́tò yín?"

Iná pupa kékeré kan ló ń tàn níwájú sìtíárìn. Mọ́tò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Tíṣà àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ rà á, ṣùgbọ́n ìyá ló ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa! Iléeṣẹ́ tó tà á fún yín gan-an ni mo ti ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n ṣèlérí pé ọdún mẹ́ta ni àwọn á fi máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, bí ọwọ́ ẹlòmíì ò bá ti kàn án. Bí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí pẹ́nrẹ́n, ìlérí yẹn ti wọmi."

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

"Mọ́tò náà á sọ. Ẹ gbé e lọ bá wọn. Tí ọdún mẹ́ta bá pé, ẹ padà wá."

Ọdún mẹ́ta! Ẹni tó rí oúnjẹ tí wọ́n ní kó padà wá jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ojú wo ló máa fi wò wọ́n?

Tíṣà gba iléeṣẹ́ lọ. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, atẹ́gùn tútù ń fẹ́, wọ́n sì fún un ní kọfí. Ọmọkùnrin kan tó wọ táì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mọ́tò sì gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé oníbàárà ò gbọdọ̀ dé. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣe é dáadáa. Iná pupa kú. Ṣùgbọ́n Tíṣà ò mọ ẹni tó ṣe é, ẹni tó ṣe é ò sì mọ̀ ọ́n. Eyín funfun yẹn ló gbé sọ́kàn délé.

Ìfẹ́ a máa kọ́ni lọ́gbọ́n. Nígbà tí mọ́tò tirẹ̀ kò lè lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wá mọ́tò ẹlòmíì tó lè lọ. Mọ́tò Bàbá Oníbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, Tíṣà ní, "Bàbá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e lọ." Ti ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ń jó ọ́ìlì, Tíṣà ti gba kọ́kọ́rọ́. Ti Ìyá Oníbúrẹ́dì, èyí tó máa ń ta sánsán bíi búrẹ́dì gbígbóná, òun ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Kò pẹ́ tí kò fi sí mọ́tò aláìsàn kan ládùúgbò tí Tíṣà ò mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn àgbàlagbà ń ṣàdúrà fún un pé ọmọ rere ni. Ọmọ rere kẹ̀! Wọn ò mọ ohun tó ń lé e.

Lábẹ́ igi níbi iṣẹ́ ọmọbìnrin náà, pákó gígùn kan wà tí oníbàárà máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni Tíṣà ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, ibẹ̀ ló ti ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Àwọn oníbàárà ń pe ọmọbìnrin náà ní Ìyá Ẹ́ńjìnnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ. Tíṣà ń pè é ní Adúmáadán.

"Ṣé dúdú ara mi lo rí ni, àbí dúdú ọ́ìlì?" ni ó bi í lọ́jọ́ kan, nígbà tí "ẹ" ti di "o" láàárín wọn.

"Lọ wẹ̀, ká lè mọ̀."

"O ò ní ojútì!" Ó ju àkísà lù ú. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì.

"Kí ló dé tó o fi kúrò ní iléeṣẹ́ yẹn?" ni Tíṣà bi í. "Ibẹ̀ mà dára."

"Ó dára. Irinṣẹ́ tí wọ́n ní, mi ò ní in. Àmọ́ mo lè tún mọ́tò ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ níbẹ̀, kí n má rí ojú ẹnì kankan. Mo fẹ́ máa rí ojú ẹni tó máa wọ̀ ọ́ lọ sílé."

Ah, àwọn ọ̀sán yẹn! Títí di òní, bí Tíṣà bá gbọ́ òórùn ọ́ìlì pẹ̀lú ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, á dúró sójú kan, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ dídùn sí létí. Ayé ò yára nígbà náà. Èèyàn lè jókòó ti ẹni tó fẹ́ràn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi máa ṣú, kí ó má ṣe nǹkan kan ju kí ó na sípánà sí i lọ.

Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, inú Tíṣà dùn bíi pé wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní pálọ̀. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí, Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Màámi, ìlérí iléeṣẹ́ lórí mọ́tò wa ti parí. Mo fẹ́ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Màámi, ẹni náà gan-an ni mo fẹ́ fi ṣaya."

"Mẹkáníìkì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lábẹ́ igi, lẹ́bàá ọ̀nà."

Ìyá gbé ife tíì sílẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó pa bàbá rẹ?"

"Mọ́tò ni."

"Bíréèkì ni. Mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà ló tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní ó ti parí. Bàbá rẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì ò dáhùn. O ò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà tí wọ́n wá pè mí. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé mọ́tò tí ẹni ẹ̀bá ọ̀nà bá fọwọ́ kàn, ìdí mi ò ní kan àga rẹ̀ láéláé. Ì báà jẹ́ áńgẹ́lì ló ń tún un ṣe."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Tíṣà kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún Adúmáadán. Ọmọbìnrin náà gbé sípánà sílẹ̀.

"Ìyá ẹ ò jẹ̀bi," ló sọ. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, gbogbo ara ni mo fi nífẹ̀ẹ́ ẹ. Àmọ́ mi ò lè wọ ilé tí wọ́n ti ń bẹ̀rù ọwọ́ mi. Bí mo bá gbé omi fún wọn mu, ọwọ́ yìí náà ni. Bí mo bá bímọ, ọwọ́ yìí náà ni màá fi gbé e. Má wá mọ́, títí ọkàn wọn á fi rọ̀. Bí kò bá rọ̀, a jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí."

Tíṣà lọ. Ọmọbìnrin náà wọ abẹ́ mọ́tò kan tí kò ní àìsàn kankan, ibẹ̀ ló ti sunkún.

Láti ọjọ́ náà, Tíṣà ò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mọ́tò àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wọ́n ń tu èéfín. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Ìyá Oníbúrẹ́dì já wọlé wọn. Òun ló máa ń gbé Màmá Nọ́ọ̀sì lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Tíṣà, ẹsẹ̀ ẹ dà? Mọ́tò mi ti ń pariwo. Ṣé o ò ní bá mi gbé e lọ bá ọmọbìnrin yẹn mọ́ ni?"

"Ọmọbìnrin wo?" ni ìyá bi í.

"Ìyá Ẹ́ńjìnnì, mẹkáníìkì abẹ́ igi! Ha, Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ò mọ̀ ni? Òun ló ń tún gbogbo mọ́tò àdúgbò ṣe. Ọmọ yín ló ń kó wọn lọ."

"Mọ́tò tí mò ń bá ẹ wọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

"Òun náà mà ni! Bíréèkì ẹ̀ ló kọ́kọ́ pààrọ̀."

Bí ilẹ̀ bá lanu lásìkò yẹn, Tíṣà ì bá bọ́ sí i. Ìyá Oníbúrẹ́dì rí ojú àwọn méjèèjì, ó rántí pé òun gbé nǹkan síná, ó bá tirẹ̀ lọ.

"O tàn mí jẹ," ni ìyá wí.

"Mi ò ronú kàn yín, Màámi. Òun nìkan ni mò ń rò."

"Dákẹ́!"

Ìyá ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó jókòó, ó ń rò ó. Mọ́tò Bàbá Oníbàtà ló gbé e lọ sílé ìwòsàn nígbà tí ibà dá a gúnlẹ̀. Ti ọ̀gá àgbà ló wọ̀ lọ síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan náà ni ẹ̀mí rẹ̀ ti wà láti ọjọ́ yìí, òun ò sì mọ̀. Inú bí i, ẹ̀rù bà á, lẹ́yìn náà ni ìtìjú díẹ̀ dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kan ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀. Ó ti wọ bàtà.

"Gbé mọ́tò wa jáde. Mú mi lọ bá a."

Bí Adúmáadán ṣe rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀, ó sáré nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀. Bíréèkì ni mo fẹ́ kó o wò. Èmi náà fẹ́ wò ó."

Adúmáadán gbé mọ́tò sókè, ó tú táyà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ohun tó rí han ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá béèrè, ó dáhùn. Páàdì bíréèkì tó ti ń jẹ, ó yọ ọ́, ó gbé e sí ìyá lọ́wọ́, kó lè rí i bó ṣe fẹ́lẹ́ tó, ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi bí ọmọ iléèwé tó ń retí èsì ìdánwò.

"Ọmọ mi ní o ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rí. Ta ló ń yẹ iṣẹ́ rẹ wò níbẹ̀?" ni ìyá bi í.

"Ọ̀gá kan wà tó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, mà. Níbí, èmi nìkan ni. Torí ẹ̀ ni mo fi máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, tí mo sì máa ń kọ́kọ́ wà á fúnra mi kí onímọ́tò tó wọ̀ ọ́."

Ìyá jókòó sórí pákó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọmọ kan kú lọ́wọ́ mi rí," ló sọ, "nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní mi ò ní gbẹ̀bí mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, aboyún mìíì ti wá kanlẹ̀kùn mi." Ó dìde. "Wà á, ọmọ mi. Mo máa jókòó sẹ́yìn. Gba òkè ẹ̀yìn ilé ìwòsàn."

Adúmáadán wà á. Tíṣà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ìyá di ẹ̀yìn àga mú pinpin, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n. Ọmọbìnrin náà tẹ bíréèkì, mọ́tò rọra fà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, mọ́tò gbọ́. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ wẹ́rẹ́.

Nígbà tí wọ́n rìn síwájú díẹ̀, Tíṣà bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ti fi orí ti fèrèsé, ojú rẹ̀ pa dé. Láti ọjọ́ ikú ọkọ rẹ̀, obìnrin yìí ò dijú nínú mọ́tò rí, ì báà jẹ́ ìrìn àjò odidi ọjọ́ kan. Omi lé sí Tíṣà lójú.

"Adúmáadán," ló rọra pè é, "fẹ́ mi."

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wàá jí wọn."

"Mi ò lè sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ju báyìí lọ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mò ń wa mọ́tò, jọ̀ọ́."

"Ó yá, dúró."

Ọmọbìnrin náà dá mọ́tò dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí sìtíárìn, ó kọjú sí Tíṣà. Tíṣà ń wò ó.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, láti ẹnu ẹni tí kò tiẹ̀ lajú. "Ìyàwó mi, dá a lóhùn kíá, jàre. Ẹ jẹ́ kí n rí oorun sùn."