Ìbéèrè Zàlìhà Lọ́jà Àgbò

Nínú eruku ọjà àgbò ní Wadata ni Mansur ti kọ́kọ́ rí i: ọmọbìnrin kan tó lóṣòó síwájú àgbò funfun, tí ìbòrí aláwọ̀ aró rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tó ń fi Zarma, èdè àwọn ará ìlú náà, bi ẹni tó ni ẹran náà bóyá àgbò máa ń yin Ọlọ́run.

Onítọ̀hún bú sẹ́rìn-ín. Mansur kò rẹ́rìn-ín. Dókítà ẹran ni, ó wá yẹ àwọn àgbò Iléyá wò. Bí ó ṣe gbọ́ tí ọmọbìnrin náà fi Yorùbá Ìlọrin ráhùn, ó sún mọ́ ọn.

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n ra àgbò, kí n bi í fúnra mi."

Zàlìhà lorúkọ rẹ̀. Ní yunifásítì, ìwádìí lórí ipò ẹranko nínú ẹ̀sìn ló ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, ara Mansur kò balẹ̀ mọ́. Zàlìhà náà, bó bá ṣíwèé, ojú ìwé kan náà ni yóò máa tún kà.

"Dókítà mi," á wí lórí fóònù, "ṣé màlúù máa ń sunkún?"

"Ó máa ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, o ò bi mí."

Nígbà tí Mansur wá tọrọ rẹ̀, Alfa Yàqúb, bàbá Zàlìhà tó ń kọ́ni ní kéwú, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

"Mo fún ọ," ni Alfa wí. "Ṣùgbọ́n ṣèlérí pé lẹ́yìn yìgì, wàá ní kó fi ìwádìí yẹn sílẹ̀. Wọ́n ti ń sọ láàárín ìlú pé ọmọ Alfa fẹ́ máa kọ́ ẹran ní kéwú."

Lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, Zàlìhà ń gbọ́ wọn. *Gbà, Mansur. Ṣáà gbà.*

"Ẹ foríjì mí, Bàbá. Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn."

Ojú Alfa kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Mansur wá bàtà rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Zàlìhà sọdá afárá Kennedy lọ bá a nílé rẹ̀ ní Kirkissoye. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni! O ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Olólùfẹ́ mi, bí mo bá parọ́ fún bàbá rẹ, orí irọ́ la máa kọ́lé lé. Bí mo bá sì mú ìlérí náà ṣẹ, ta ni mo fẹ́ nígbà yẹn?"

Zàlìhà gba ọ̀nà ilé lọ. Nígbà tó délé, ó ń lọ, ó ń bọ̀ lágbàlá títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Níkẹyìn, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí ẹ ní kí n jù nù."

Alfa kò wo ojú rẹ̀. "Kà á."

Ó ń túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Faransé bó ṣe ń kà á. Ó dé ibi áyà Kùránì tó pe àwọn ẹranko ní ìjọ bíi tiwa. Alfa dá a dúró, ó ní ìtumọ̀ yẹn kò kún tó. Zàlìhà jiyàn. Alfa fa ìwé tirẹ̀ yọ. Wọ́n ń bá a lọ títí wọ́n fi pe ìrun àsárì.

"Ta ló kọ́ ọ ní Lárúbáwá tó jinlẹ̀ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Alfa pa ìwé rẹ̀ dé. Ẹ̀rín músẹ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Lọ pe ọkùnrin tó kọ̀ láti tàn mí jẹ yẹn wá."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alfa fúnra rẹ̀ ló so yìgì wọn. Nígbà tí èrò túká, Zàlìhà fọwọ́ lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ọkàn mi kì í balẹ̀, Mansur. Ìbéèrè kì í tán níbẹ̀. Ṣé wàá lè bá a gbé?"

Mansur di ọwọ́ náà mú. "Òun gan-an ni mo wá fẹ́."