Ọgọ́jọ Ẹyọ Nínú Igbá

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí wọ́n bá òkú Fátúnmbí onítẹ́tẹ́ lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Orí rẹ̀ ti fọ́, igbá owó tó máa ń wà láàárín ẹní sì ti ṣófo. Ọ̀ṣuntóyìn ahunṣọ ló dúró tì í, ìtùfù ń jó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sá. Kò tilẹ̀ ju iná náà sílẹ̀.

Wọ́n dè é mọ́ òpó. Wọ́n ní bí oòrùn bá wọ̀ láìrí ẹlòmíràn mú, àwọn awo Òṣùgbó ni yóò gba ẹjọ́ rẹ̀, ẹni tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bá sì bá kì í padà wálé.

Ṣóyẹmí, ìránṣẹ́ ààfin tí wọ́n máa ń rán sí ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó, dé kí ìrì tó gbẹ. Ẹní ló kọ́kọ́ wò. Ìdérí kékeré méjì dojú dé lórí rẹ̀, ọ̀kan níwájú òkú, ọ̀kan lódìkejì. Ó ṣí wọn. Owó ẹyọ mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lábẹ́ wọn: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti Fátúnmbí ló ṣíjú sókè, méjì péré ló ṣíjú lódìkejì. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣíjú jù ló ń kó igbá, nítorí náà Fátúnmbí ló jẹ. Ṣóyẹmí tọwọ́ bọ abẹ́ ẹní, ó fa ìlẹ̀kẹ̀ iyùn kan yọ, ó fi í sápò.

Ó yíjú sí Ọ̀ṣuntóyìn. "Kí lo fẹ́ fi iná ṣe níbí?"

"Mo wá jó ẹní náà, Bàbá. Ọkọ mi fi òfì tí mo fi ń jẹun ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀ lánàá. Mo pariwo mọ́ Fátúnmbí lójú ọjà. Bó bá wà láàyè, n óò tún pariwo mọ́ ọn."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀ nítorí ohun tí mi ò ṣe."

Adélékè, ẹni tí ìdílé rẹ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ oyè wọn sí lọ́wọ́, bọ́ síwájú. Ìlẹ̀kẹ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀, òwú tuntun funfun báláú ni wọ́n fi sín in. "Èmi ni mo rí i, Bàbá. Oko ni mò ń lọ. Ojú mi báyìí ló ṣe gbé igi sókè."

"Ṣé ìwọ náà máa ń ta níbí?"

"Èmi? Pẹ̀lú bí mo ṣe ga tó yìí? Mi ò tẹ abẹ́ àtíbàbà yìí rí. Ibi àwọn aláìníṣẹ́ ni."

"Ó ga lóòótọ́," ni Ọ̀ṣuntóyìn wí láti ìdí òpó, "bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò so."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ṣóyẹmí kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí ẹní, ó ka ogójì ẹyọ sínú igbá.

"Gbogbo ìlú ló gbọ́ òfin Fátúnmbí: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi owó lé ju ohun tó wà nínú igbá lọ. Ó ní ó ń dáàbò bo tálákà." Ó tún da ogójì mìíràn sí i. "Ogójì wà níbẹ̀, èmi náà fi ogójì lé e. Ẹ tú obìnrin yìí. Ọ̀ṣuntóyìn, ó kàn ọ́. Fi iye tó pọ̀ jù tí òfin gbà sínú rẹ̀."

Ọ̀ṣuntóyìn na ọwọ́ tí okùn ti mú wú. Ó ka ohun tó wà nínú igbá, ó jẹ́ ọgọ́rin. Ó da ọgọ́rin sí i.

Ṣóyẹmí kó ọgọ́rin náà jáde. "Adélékè, wá ṣe tìrẹ."

Adélékè pòṣé. "Kí ni obìnrin mọ̀?" Ó lóṣòó, ó ń ka ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ yá. Ọgọ́jọ ló dà sínú igbá.

"Èé ṣe tó fi jẹ́ ọgọ́jọ?"

"Nítorí pé…"

"Jẹ́ n bá ọ parí rẹ̀. O fi ogójì bá tèmi dọ́gba, igbá di ọgọ́fà. O wá fi ọgọ́fà lé e. Ará ìta tó gbọ́ òfin yóò ka ohun tó rí, bí obìnrin yìí ti ṣe. Ẹni tó ti jókòó síbí nìkan ló mọ̀ pé a ó kọ́kọ́ san tẹnìkejì kí a tó ka igbá. Bó ṣe ń wú nìyẹn. Ẹ dá a padà síra yín bíi ìgbà márùn-ún, ogójì yóò di ohun tó lè gba òfì lọ́wọ́ ahunṣọ. Yóò gba ìlẹ̀kẹ̀ ìdílé pẹ̀lú. Ẹni tó bá Fátúnmbí ta kẹ́yìn ló pàdánù, òun náà ló sì kó owó igbá sá."

Ó yọ iyùn náà lápò, ó gbé e sórí ẹní. Ṣàngóbíyì, ẹ̀gbọ́n Adélékè, wà láàárín èrò. Ó sún mọ́ àbúrò rẹ̀, ó ka èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mọ́kànlélógún ni bàbá wa fi sílẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Ogún ló kù."

Adélékè dìde, ó gbé àyà sókè. "Mo ní kí Fátúnmbí dá ìlẹ̀kẹ̀ bàbá mi padà. Ó ní kí n lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi ní sàréè. Ẹni tó bá ń retí kí n bẹ̀bẹ̀, kó wá ibi jókòó."

"Èmi ò retí ẹ̀bẹ̀," ni Ọ̀ṣuntóyìn wí. "O fẹ́ kí n kú dípò rẹ. Ojú mi ni kí o wò."

Adélékè kò lè wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú un lọ sí ààfin.

Àwọn obìnrin ní kí Ọ̀ṣuntóyìn máa bọ̀ nílé, kó dúpẹ́. Ó ṣa ìtùfù rẹ̀ tó ti kú nílẹ̀, ó lọ fi í kan iná ní ààrò tó sún mọ́ ibẹ̀, ó padà.

"Bàbá, ṣé ẹ ti parí pẹ̀lú ẹní yìí?"

Ṣóyẹmí dìde kúrò lórí rẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Mo ti parí."

Ọ̀ṣuntóyìn ti iná bọ ẹní náà.