Okùn Tí Omi Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ní ìparí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà ìgbà náà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde, Jọláadé kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ohun tó kù lójú rẹ̀ nínú ọjọ́ tí wọ́n kúrò ní Kùmásí kì í ṣe ẹkún àwọn ènìyàn. Ìró aláró tí ìyá rẹ̀ ró ni, àti bí ó ṣe ró o: ẹ̀ẹ̀mejì, ṣinṣin, bí obìnrin tó fẹ́ wọ̀jà.

Apọntí ni ìyá náà. Ọmọ Ìníṣà nílẹ̀ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Maame Alátà, ìyá ọmọ Yorùbá, ni gbogbo àdúgbò Ash-Town ń pè é. Pító ló ń pọn, ọtí ọkà bàbà, nínú ilé alámọ̀ pupa kan tí kò jìnnà sí ọjà. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn àgbà tó ń ti ààfin bọ̀, tí wọ́n ju aṣọ ńláńlá sí èjìká, yóò jókòó ti àwọn aláàárù lórí bẹ́ǹṣì kan náà, igbá lọ́wọ́ kálukú. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó láti tú gbogbo rẹ̀ ká. Ó fi ìkòkò sílẹ̀, ó fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n wọ ọkọ̀ ẹrù.

Ní ẹnubodè, ẹ̀ṣọ́ obìnrin kan fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó sì dá a dúró.

"Kí lo dì mọ́ra?"

"Okùn ni, ọ̀gá."

"Wúrà ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò."

Ẹ̀ṣọ́ náà tẹrí ba, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì yára fà sẹ́yìn. "Wọ́n ní kí o kó ohun ìní rẹ, ìdọ̀tí lo dì mọ́dìí?"

"Ohun ìní mi nìyẹn," ni ìyá náà dáhùn.

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀gbọ̀ tí a hun bí irun dídì ni okùn náà, ó gùn ju apá méjì lọ, ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí omi ọkà bá ti jinná, tí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, okùn yìí ni wọn yóò kì bọ inú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ọkà á ti di ọtí, á máa hó, á máa mí bí ẹni tó sùn. Wọn á yọ okùn, wọn á fi kọ́ igi àjà lókè ààrò títí di ìgbà mìíràn. Ohun tó ń sọ omi di ọtí ń gbé inú ìhun rẹ̀. Ìyá ìyá Jọláadé ló hun ún.

"Omi kò gbọdọ̀ kàn án," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí fún Jọláadé. "Ọtí ló ń fọ̀ ọ́. Èéfín ló ń nù ún gbẹ."

Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ìyá ti kú, Jọláadé padà sí Kùmásí, okùn náà ní ìdí tirẹ̀. Bàbá tó ni ilé ọtí náà ṣì wà láàyè. Ó wo ojú ọmọ náà, ó ṣí ilé fún un, ó ní bẹ́ǹṣì kan ṣì kù. Láti ọjọ́ náà títí di ọdún tí a wà yìí, ó ju ogójì ọdún lọ tí Jọláadé ti ń pọn pító níbẹ̀.

Ọmọ bàbá náà, Yaa, tó jogún ilé, ló wá kí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ó wọ aṣọ ọ́fíìsì, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Maame, maakye," ni ó kí i, bí àwọn ará Kùmásí ti ń kí ni láàárọ̀.

"Yaa, ọmọ mi. Wọlé. Ilé tìrẹ ni, o dúró síta bí àlejò."

"Maame, ẹnìkan fẹ́ gba ilé yìí. Bíà inú ìgò ló fẹ́ máa tà. Ó ní firíìjì mẹ́rin."

Jọláadé ń ro ọkà, kò dáwọ́ dúró. "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní Maame wà níbẹ̀. Bàbá mi ní kí n má lé yín, èmi náà kò sì fẹ́. Ṣùgbọ́n wolé-wolé ti kọ̀wé sí mi pé ilé dọ̀tí. Ó ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ó bá fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé ilé mọ́, títí ayé yín lẹ máa wà níbí. Bí kò bá fún yín..." Yaa gbójú sókè wo igi àjà tí èéfín ti sọ di dúdú. "Kafra, Maame," ni ó wí, èyí tó túmọ̀ sí pẹ̀lẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn oníbàárà gbọ́. Fuseini ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Fítà ni, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Suame Magazine, ó sì ti tó ogún ọdún tó ti ń mutí níbẹ̀ láìyìn ín rí lọ́jọ́ kan. Ó tọ́ ti inú igbá wò, ó fún ojú pọ̀.

"Màmá, ti òní yìí, ṣé ẹṣin ló tọ̀ ọ́ ni?"

"Ẹṣin baba rẹ ni."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ òórùn ilé wa." Ó mu ún tán, ó na igbá fún òmíràn. "Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ gbọ́ mi. Bíà inú ìgò ti kú kí wọ́n tó dé e. Ta ni wọ́n ń gbé sínú yìnyín bí kò ṣe òkú? Èyí ń mí. Ẹ gbé etí sí i, ẹ gbọ́. Wọ́n fẹ́ gbé ilé alààyè fún olókùú?"

"Bọ̀dá Fuseini, ọ̀rọ̀ nìkan kò lè gba ìwé," ni Tómilọ́lá wí. Olùkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni, kò ju ọdún mẹ́ta lọ tó ti Abẹ́òkúta dé. Ó dìde bí ẹni pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀. "Láti òní, ẹgbẹ́ ni wá. Ẹgbẹ́ Alátìlẹyìn Ìkòkò. A ó kun ilé, a ó fọ ilé. Ẹ fi ọwọ́ yín hàn mí."

"Ọwọ́ tèmi?" Fuseini na ọwọ́ tí epo ọkọ̀ ti sọ di dúdú.

"Bí wolé-wolé bá rí ọwọ́ yìí, á gbé ìwé rẹ̀ sá lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jọláadé náà rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú, nítorí kò sí ẹni tó dìde fún ìyá rẹ̀ báyìí rí.

"Kí ni kí a fọ̀, mà?" ni Tómilọ́lá béèrè.

"Ohunkóhun tí ojú wolé-wolé bá lè rí."

"Ohun gbogbo?"

"Ohun gbogbo ni mo wí, ọmọ yìí."

Ní Ọjọ́bọ̀, Jọláadé lọ sí Anloga Junction lọ gba bẹ́ǹṣì tuntun méjì tí káfíńtà kan, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kàn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó fi dé, ọ̀sán ti pọ́n. Ògiri ti funfun. Ìkòkò ń dán. Okùn aṣọ wà ní àgbàlá, àkísà wà lórí rẹ̀, àti láàárín àwọn àkísà, ohun gígùn kan tí a hun bí irun dídì, tó funfun bí eyín ọmọdé.

"Ẹ wò ó, mà," ni Tómilọ́lá wí. Òógùn bò ó. "Ìyẹn ló ni wá lára jù. Ìgbà mẹ́ta la pààrọ̀ omi."

Jọláadé gbé ọwọ́ lé orí bẹ́ǹṣì.

"Ọṣẹ lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ àti bílíìṣì. Omi gbígbóná, mà."

Fuseini gbé korobá sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ títí dé ìgúnpá. "Màmá, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan."

"Ẹ jókòó."

"Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ẹ̀rín kúrò lójú Tómilọ́lá díẹ̀díẹ̀. "Mà. Ẹ ní ohun gbogbo."

"Mo wí bẹ́ẹ̀," ni Jọláadé dáhùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wolé-wolé dé, aṣọ kákí rẹ̀ le bí páálí. Ó wo ògiri, ó wo ìkòkò, ó gbójú sókè wo igi àjà níbi tí ohunkóhun kò so rọ̀ mọ́. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti rí ilé ọtí tó mọ́ tó báyìí. Ó fọwọ́ sí ìwé. Yaa gbá Jọláadé mọ́ra. Fuseini fi ìṣó kan ìwé náà mọ́ ògiri, ó ní bí olókùú bá dé, kí wọ́n ní kó kà á.

Ní ìrọ̀lẹ́, Jọláadé kì okùn funfun náà bọ inú omi ọkà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi náà dákẹ́ rọ́rọ́, bí omi inú abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ó se òmíràn. Òun náà kò mí. Ó wá lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àgbà apọntí kan tó jẹ́ Dàgáátì, ẹ̀yà kan láti àríwá Gánà, kó lè yá okùn rẹ̀.

"Okùn?" ni ìyá àgbà náà wí. "Mo ti fi tèmi dáná láti ọdún mẹ́wàá. Gbogbo wa, ìwúkàrà àwọn oníbúrẹ́dì là ń lò. Ta ló tún ń rí sùúrù okùn?" Ó bu díẹ̀ fún un nínú ọ̀rá, kò gba nǹkan kan. "Á hó. Má bẹ̀rù."

Ó hó lóòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, gbogbo ẹgbẹ́ pé sórí bẹ́ǹṣì tuntun. Tómilọ́lá kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Jọláadé bu igbá àkọ́kọ́ fún Fuseini, ó sì dúró tì í, ó ń dúró de èébú.

Fuseini tọ́ ọ wò. Ó gbé igbá náà sórí orúnkún rẹ̀, ó wo inú rẹ̀ pẹ́.

"Ó dára, Màmá," ni ó wí. "Ó dára gan-an."

Jọláadé dúpẹ́. Ó wọ inú yàrá lọ, ó mú okùn náà, ó dì í mọ́ ìdí rẹ̀. Kò ní òórùn kankan. Ó ró ìró lé e, ẹ̀ẹ̀mejì, ṣinṣin, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n lé wọn, ó sì dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Níta, wọ́n ń bi ara wọn bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kò sí ọkọ̀ tó ń dúró dè é. Kò sí ẹni tó ń lé e lọ.