Centromère Ni Wọ́n Ń Pè É Níbí

"Tawakalitou, wá wo ohun tí àbúrò rẹ fi òwú mi ṣe!"

Tawakalitou kò yára dìde. Láti oṣù kìíní tí Mùsílímátù, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá rẹ̀, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà Adjamé, kò ní orin mìíràn lẹ́nu ju ìyìn rẹ̀ lọ. Mùsílímátù mọ ìkíni. Mùsílímátù mọ oríkì. Àwọn oníbàárà tí Tawakalitou, ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan, máa ń fi Faransé dá lóhùn, Mùsílímátù ni wọ́n ń béèrè báyìí. Èyí tó dùn ún jù ni ti ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Ipò kìíní tí òun ti ń gbà láti ọdún mẹ́ta ni ọmọ tí Faransé rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán yìí gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó lọ wò ó. Inú ààbọ̀ igbá ni Mùsílímátù kọ́ sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín sí méjì sí. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan wà ní apá ọ̀tún, òmíràn wà ní apá òsì. Láti ara wọn ni òwú funfun ti nà wá sí àárín, níbi tí wọ́n ti di àwọn ègé aṣọ tó dúró fún chromosome, ẹrù àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, mú.

"Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ló ń to inú sẹ́ẹ̀lì, Màmá," ni ó ń ṣàlàyé. "Ẹ wo ibùdókọ̀ Abobo Gare, ojú kan náà ni gbogbo ọkọ̀ gbaka ti ń ṣí. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ibẹ̀ ni okùn ti ń jáde. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, ìlẹ̀kẹ̀ náà á di méjì, wọn á wá fa ẹrù náà sọ́tùn-ún sósì, déédé."

"Ọpọlọ rèé!" ni ìyá wí. "Tawa, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Maman."

Ti Tawakalitou fúnra rẹ̀, tó fi amọ̀ mọ fún ìdíje, wà lórí tábìlì. Ó mọ̀ pé kò tó ti inú igbá yẹn. Bẹ́ẹ̀, ẹni kan ṣoṣo tó bá gbégbá orókè nínú ìdíje ilé-ìwé wọn ni yóò lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ìwádìí kan ní Cocody, níbi tí ẹ̀rọ awòye ti ń fi sẹ́ẹ̀lì hàn bí ó ṣe ń mira. Láti ìgbà ọmọdé ni Tawakalitou ti ń lá àlá irú ibẹ̀.

Nígbà tí ìyá jáde, Mùsílímátù mú páálí kékeré kan. "Àǹtí Tawa, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Centrosome ni wọ́n kọ́ wa nílé. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ní Faransé?"

Ìbéèrè náà tọ́. Ọ̀pọ̀ orúkọ tí Mùsílímátù gbé bọ̀ láti ilé ló ti yí padà lẹ́nu olùkọ́ ibí.

"Rárá," ni Tawakalitou dáhùn. "Centromère ni wọ́n ń pè é níbí."

"Centromère. Ẹ ṣeun, Àǹtí mi."

Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí, ṣùgbọ́n ohun ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Centromère ni ìdè tó wà lára chromosome fúnra rẹ̀, ibi tí okùn ti ń dì í mú. Tawakalitou mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, Dókítà Carelle, olùṣèwádìí láti Cocody, dúró níwájú igbá náà. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó wù ú.

"Ibo ni àwọn okùn wọ̀nyí ti ń jáde?"

"Láti inú centromère, Madame."

"Tún un wí."

Mùsílímátù fi ìka kan ìlẹ̀kẹ̀ pupa, ó sì tún un wí ketekete. Ẹ̀rín bú. Précieux, aláwàdà kíláàsì, pariwo láti ẹ̀yìn: "Ah, c'est gâté, ó ti bà jẹ́! Anango ti gbé ìdodo sórí!" Anango ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Abidjan.

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?" ni Dókítà béèrè.

Mùsílímátù wo Tawakalitou, ó sì gbé ojú kúrò. "Èmi ni mo ṣì í gbọ́, Madame."

Tawakalitou ló gba ipò kìíní.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Cocody, Dókítà Carelle ní kó fi ojú sí ẹ̀rọ. "A fi oògùn sí sẹ́ẹ̀lì yìí. Centrosome rẹ̀ méjèèjì kò lè jìnnà síra wọn. Kí lo rí?"

"Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo okùn ti ń jáde. Chromosome sì rọ̀gbà yí i ká."

"Kò sì lè pín. Kò sí ẹni tó di apá kejì mú. Ẹyọ kan kò lè dá fà á, bó ti wù kó lágbára tó."

Tawakalitou kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ, nítorí omijé ti kún ojú náà. Níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́.

Dókítà pa iná ẹ̀rọ náà. "Àṣìṣe kì í ba iṣẹ́ wa jẹ́, a máa ń tún un ṣe. Ẹni tó mọ òótọ́ tó fi irọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ló ń bà á jẹ́. Àbúrò rẹ ni kó wá lọ́la."

Nílé, ó sọ ọ́ níṣojú ìyá rẹ̀. Ìyá kò bínú sókè. Ó kàn ń ká òwú, kò wò ó.

"Mo ti mọ̀, Àǹtí Tawa," ni Mùsílímátù wí. "Nígbà tí a dé láti ibi ìdíje ni mo wo inú ìwé yín."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Inú ilé yín ni mò ń sùn."

Lọ́jọ́ kejì, Tawakalitou sìn ín dé ìdí gbaka tó ń lọ sí Cocody. Ìyá Exaucé, ará Bẹ̀nẹ̀ tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, ti jókòó sínú ọkọ̀ náà.

"Bí mo bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, kí ni kí n wí?" ni Mùsílímátù béèrè.

"Pariwo pé 'Descend!' Awakọ̀ á dúró."

Mùsílímátù rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ìyá Exaucé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí i lóòótọ́?"

Gbaka náà ṣí. Tawakalitou dúró nínú èéfín rẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ méjì í fò; òun ló rò pé kò gba ju ọ̀kan lọ. Ipò kìíní lè tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlara bá mú purọ́ lẹ́ẹ̀kan, bó bá tilẹ̀ ń sọ òótọ́, wọ́n á kọ́kọ́ bi aládùúgbò rẹ̀ wò.