Ẹ̀rọ Ìfami Tí Jenna Fi Sílẹ̀

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà tó fi dìde. Mo wà níbẹ̀, mo ń to ife tíì sórí tábìlì, ojú mi ló ṣe. Apá gígùn tó wà lórí ẹ̀rọ ìfami náà ṣàdédé gbéra sókè, ó yí po bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó sì forí sọ ògiri ilé tó yí i ká. Gbàù! Bíríkì oníke, pupa àti aláwọ̀ eérú, fọ́n ká ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú Kadina bí àgbàdo tó dà lápò.

Lowenna Trevorrow dúró lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí olè dá lọ́nà. Ẹ̀rọ yẹn ni ohun tí Jenna ìyá rẹ̀ kọ́ gbẹ̀yìn kó tó kú: àwòṣe ilé ẹ̀rọ tí àwọn baba wa tó wá láti Cornwall fi ń fa omi kúrò nínú kòtò ìwakùsà bàbà ní Moonta, tí obìnrin náà fi bíríkì ìṣeré kọ́, tòun ti fèrèsé rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, ẹnikẹ́ni kò tan ẹ̀rọ náà. Àárọ̀ ọjọ́ àfihàn ẹgbẹ́ àwa oníbíríkì yẹn ni Lowenna kọ́kọ́ tan bátìrì rẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òdìkejì gbọ̀ngàn. Ó ga, irun rẹ̀ pọ́n bí àlìkámà tó gbó, ó na fóònù síwájú, ó ń wo ẹ̀rọ ìfúntí àjàrà tòun alára, tí kò mira rárá. Ó fajú ro, ó tún tẹ fóònù náà. Ìdajì tó kù lára ẹ̀rọ Lowenna tún fò sókè.

"Má tẹ̀ ẹ́ mọ́!" Lowenna ké. "Ìwọ yìí! Ìwọ gíga yẹn! Gbọ́wọ́ ẹ kúrò lórí fóònù!"

"Èmi kẹ̀?"

"Ta ni mò ń bá wí, ògiri?"

Ọkùnrin náà wo fóònù, ó wo ẹ̀rọ tirẹ̀, ó wo ti ọmọbìnrin náà. Ó gbá orí mú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Àpótí bátìrì tó ń darí ẹ́ńjìnnì kékeré inú àwọn bíríkì wa, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Èyí tí fóònù bá kọ́kọ́ rí ló máa dì mú. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ wa fi ní òfin pé kí kálukú sọ àpótí rẹ̀ lórúkọ kó tó wọ gbọ̀ngàn. Ọkùnrin gíga náà, Anton Zwar, olùkọ́ ìṣirò láti Tanunda, àlejò ni, kò mọ òfin náà. Lowenna mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò fẹ́ kí ọwọ́ kankan yí ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe padà, ìbáà jẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀.

Anton sáré wá, ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣa bíríkì, ó sì dá ọwọ́ dúró lójijì. Ó rántí òfin kejì, èyí tí kò sí ẹgbẹ́ oníbíríkì tí kò ní in: a kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíì àfi tí ẹni tó ni ín bá fi bíríkì lé wa lọ́wọ́.

"Jọ̀ọ́," ó ní, "jẹ́ kí n bá ẹ tún un ṣe. Tó o bá ní kí n kọ́kọ́ sunkún, mo lè ṣe ìyẹn náà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Lowenna kó tó mọ̀, inú sì bí i pé òun rẹ́rìn-ín. Ó mú bíríkì pupa kan, ó gbé e lé Anton ní àtẹ́lẹwọ́.

"Má sunkún sórí ilé ìyá mi. Jókòó."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ náà títí tíì mi fi tutù lórí tábìlì wọn. Nígbà tí ògiri ti dúró, Anton mú fóònù.

"Àpótí yìí gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Kí la máa pè é?"

Lowenna fi ìka nu fèrèsé kékeré ilé náà. "Jenna."

Anton ò béèrè ìbéèrè kankan. Ó tẹ orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àgbà. Ojú tí Lowenna fi wò ó nígbà náà, mo rí i, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ Anton ń dé láti Tanunda. Bí Lowenna bá ti kúrò níbi tó ti ń wọn ọkà ní èbúté Wallaroo, wọ́n á jókòó sórí afárá etí òkun, wọ́n á máa jẹ ẹja díndín nínú ìwé. Lọ́jọ́ kan, ẹyẹ òkun já ẹja Anton gbà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

"Háà!" Lowenna fọwọ́ bo ẹnu. "Ìwọ tó o lè wó ilé láti òkèèrè, o ò lè lé ẹyẹ kan?"

"Ẹyẹ yẹn ò gba àṣẹ fóònù, olólùfẹ́."

"Ta ni olólùfẹ́ ẹ?"

"Ẹni tó ń jẹ ọ̀dùnkún díndín mi."

Lowenna wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀dùnkún ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó fi í sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán, ó wá fi ẹnu tó níyọ̀ yẹn ko Anton lẹ́nu. Anton fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi.

Àmọ́ nílé, ayé ò dùn. Denzil Trevorrow, bàbá Lowenna, kò gba ti Anton. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà, láti ìgbà tí wọ́n ti tún un kọ́, á ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, á sì kú fin-ín.

"Ọmọ àwọn afúntí yẹn ló bà á jẹ́," bàbá ní. "Kó tó fi ètò fóònù ẹ̀ sí i nínú, ṣé ó ń kú báyìí?"

"Dádì, kó tó dé, a kì í tan án."

"Ìyẹn náà ni mò ń wí!"

Anton tún ètò náà kọ. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dípò kó ta gìrì. Ó pààrọ̀ bátìrì, ó pààrọ̀ wáyà. Nígbàkigbà tó bá dé, Lowenna á tú ẹ́ńjìnnì jáde kó lè yẹ̀ ẹ́ wò, á ṣiṣẹ́ bí aago. Wọ́n á tò ó padà, ẹ̀rọ á máa fa omi rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún kú. Ọ̀rọ̀ náà rú Anton lójú. Ó ní òun ti kọ́ àwọn ọmọ tó lágídí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa ń mọ̀ ọ́n lónìí tí á gbàgbé ẹ̀ lọ́la báyìí.

Nígbà tí ọdún àwọn ará Cornwall kù sí dẹ̀dẹ̀, bàbá fi ife rẹ̀ sọ tábìlì. "Ẹ ó gbé e síta lọ́jọ́ ọdún. Tó bá kú lójú gbogbo ayé, màá tú u palẹ̀ sínú páálí, ó parí. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò sì gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

Lowenna ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn ikú pé òun ò ní kẹ̀yìn sí bàbá òun láé. Ẹ wo ohun tí wọ́n gbé lé orí ẹ́ńjìnnì tí kò tó ẹyin adìyẹ: iṣẹ́ ìyá rẹ̀, àti ọkọ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́.

Ọjọ́ ọdún pé. Gbọ̀ngàn kún, òórùn páì ẹran gba gbogbo ibẹ̀. Lowenna tẹ fóònù, ẹ̀rọ gbé apá sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, omi búlúù oníke ń gòkè bọ̀ láti inú kòtò. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Anton dúró lẹ́yìn okùn tó dá àwọn òǹwòran dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Kò pẹ́, apá náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ó gbọ̀n, ó dúró.

Bàbá Lowenna bẹ̀rẹ̀, ó fa páálí jáde lábẹ́ tábìlì.

Anton kọjá okùn náà, ó tẹ orí wo inú ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ bọ́ sára àwọn òrùka kékeré oníke tó ń di ọ̀pá mú kó má yọ̀. Gbogbo wọn ló ti lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni pé wọ́n fi òòlù gbá wọn. Ọ̀pá tó yẹ kó yí fàlàlà ti há. Ẹ́ńjìnnì ń jìjàkadì, ó ń gbóná, bó bá sì gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ á pa ara rẹ̀ kó má baà jó. Anton wo àtàǹpàkò bàbá, ó rí i bí awọ rẹ̀ ti bó. Ó yé e wàyí.

Ó sì ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu títí dòní.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní, gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́. "Ètò mi ni. Ẹ̀bi mi ni." Ó yí padà, ó ń lọ.

"Anton!" Ẹnu ya Lowenna. "Ètò wo? Ètò tó ṣiṣẹ́ lánàá?" Ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó yára gbọ́wọ́ kúrò: iná ni. Ó gbìyànjú láti fọwọ́ yí ọ̀pá, kò yí. "Ó há! Dádì, mo tò ó lánàá, kò há báyìí. Ta ló fọwọ́ kàn án láàárọ̀?"

Bàbá dúró pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Ó wo àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn.

"Èmi ni. Gbogbo àárọ̀ ni mo máa ń nu eruku ara ẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń tẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ra, níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù máa ń bà mí kí nǹkan kan má já bọ́ lára iṣẹ́ ẹ̀. Ìyá ẹ nìkan ló ti já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ kí òmíì tún já bọ́."

Kò sẹ́ni tó lè wo ojú rẹ̀. Èmi, mo kàn ń nu ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"O mọ̀?" bàbá bi Anton.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni, sà."

"O sì fẹ́ kí n lé ẹ lọ láìjẹ̀bi?"

"Mi ò lè dúró níwájú gbogbo ìlú kí n sọ pé ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀ jù."

Bàbá gbé páálí náà sílẹ̀. Ó fa òrùka oníke kan yọ lára ọ̀pá, ó sì fi í lé Anton ní àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo àwa ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Háà, omi bọ́ lójú mi!

"Báwo ló ṣe yẹ kó wà?"

"Kí ìwé kan ṣáá lè gba àárín wọn kọjá. Kò ní já bọ́, sà. Àyè díẹ̀ ló ń fẹ́."

Wọ́n jọ ṣe é, bàbá ń fi etí ìwé ètò ọdún náà wọn àlàfo rẹ̀, Anton ń fi òrùka sí i. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, Lowenna tẹ fóònù. Apá náà gbéra jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sọ̀, ó tún gbéra. A dúró, a ń wò ó, a ò mí. Kò dúró mọ́. Ariwo ẹ̀rín àti ẹkún gba gbọ̀ngàn.

Láàárín ariwo yẹn ni Lowenna bọ́ síwájú ọkùnrin náà. "Anton Zwar, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ife bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Anton kọ́kọ́ yíjú wo bàbá.

"Dá a lóhùn, ọmọ mi," bàbá ní. "Páì ti ń tutù."

"Màá fẹ́ ẹ! Ẹ jọ̀ọ́, màá fẹ́ ẹ!"

Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Moonta. Ẹ̀rọ Jenna wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó ń fa omi rẹ̀ lọ. Mo dúró tì í nígbà tí bàbá àti ìyàwó dé. Mo ti mọ Denzil pẹ́, mo rò pé yóò gbá apá ọmọ rẹ̀ mú pinpin títí wọ́n á fi dé iwájú pẹpẹ.

Kò dì í mú. Ó kàn na apá tirẹ̀ síta, ó dúró, títí ọmọ náà fi gbé ọwọ́ lé e fúnra rẹ̀.