Bàsíà Ò Ní Sọ̀kalẹ̀

"Gbé bàsíà yẹn sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí à ń pè ní Àǹtí, ló ń pàṣẹ. Orí tábìlì ni mo gbé bàsíà ọmọ lé, mo sì da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí màmá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sì fún wọn kí wọ́n má baà mọ ìrora. Àǹtí ní irú abẹ́rẹ́ yẹn ló ba ẹ̀yìn tiwọn jẹ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó gbà á tó bọ́. Wọ́n ní kí màmá mi ṣáà máa sùn gbalaja, kí wọ́n sì máa bẹ̀rẹ̀ wẹ ọmọ nílẹ̀ bí gbogbo ìyàwó ilé wa ṣe ń ṣe.

Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi ní ọsibítù ni mo jókòó sí nígbà tí nọ́ọ̀sì ń sọ tirẹ̀. Ó ní ojú abẹ́rẹ́ lè dunni fún ọjọ́ mélòó kan, yóò lọ; ìbẹ̀rẹ̀ àti ìjókòó tí kò dáa ló sábà máa ń sọ ẹ̀yìn ríro di àlejò tí kò fẹ́ relé. Kí màmá mi máa fẹ̀gbẹ́ yí kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn bí wọ́n bá ń fún ọmọ lọ́mú, kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa wẹ ọmọ lórí tábìlì kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má gbé ohun tó wúwo ju ọmọ lọ. Bí ìrora bá ń le sí i, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú, kí wọ́n tètè padà wá. Ẹ̀yìn ìwé bàólọ́jì mi ni mo kọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ìwé ló yẹ ẹ́.

"Ìwọ ọmọ àná yìí lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá ọmọ?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Bàsíà ò ní sọ̀kalẹ̀."

Wọ́n pe bàbá mi. Bàbá ní kí n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì, mo tọrọ ẹ̀. Wọ́n gba fóònù mi fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn sì dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí n gbé bàsíà wálẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti dáhùn.

"Ẹ nà mí, Bàbá. N ò ní gbé e."

Màmá mi fẹ̀gbẹ́ yí lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dìde, wọ́n lọ síbi tábìlì, wọ́n sì wẹ ọmọ wọn ní ìdúró ṣánṣán.

Nígbà tó yá, Àǹtí gbé ọmọ jókòó, wọ́n tẹ̀ síwájú lé e lórí, wọ́n fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Mo mú ìrọ̀rí, mo fi ti ẹ̀yìn wọn. Wọ́n fara tì í, wọ́n yíjú sí mi.

"Ṣé tèmi náà ṣì lè san?"

Mo ní kí a jọ lọ bi nọ́ọ̀sì lọ́la.

Fóònù mi ṣì wà lọ́wọ́ bàbá mi. Kó máa wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, orúnkún ni ọmọ fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà; kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kún un.